Mọ́kànlá Nínú Ọgọ́ta

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti ń gbàgbé ibi tí mo gbé awò ojú mi sí. Bí èmi bá tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé, àwọn ará Bẹyẹrunká kò ní gbà fún mi. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé Ọjà'ba, orúkọ tí wọ́n fi ń kí mi báyìí ni Bàbá Mọ́kànlá. Àlejò lè rò pé ọmọ mọ́kànlá ni mo bí, tàbí pé ilé mọ́kànlá ni mo kọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ilé tí mo ń gbé, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Mọ́kànlá tí wọ́n ń pè yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbà á, ní gbangba, lójú àwọn ọmọ tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Sọ̀fíyá, ọmọ ọmọ mi, ló ń gbé pẹ̀lú mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Bàbá rẹ̀, Làsísì, ọmọ mi, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Ọmọ náà mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni máàkì rẹ̀ kò sì tó. Bí ẹ bá gbé ìbéèrè kan náà fún un nínú yàrá, á dáhùn rẹ̀, á sì tún ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Aago ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ìbéèrè kan bá ti dí i lọ́nà, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, á máa bá a fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò fẹ́ rìn, títí àkókò á fi tán. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìbéèrè mẹ́rìnlá ni kò fojú kàn rárá. Ní ìgbà kejì, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Làsísì wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó níwájú mi. Kò gbé ohùn sókè, èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti pinnu.

"Bàbá, ìkẹta yìí ni ìkẹyìn o. Bí kò bá wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà nílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Oníyanrìn. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ aṣọ."

"Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló wù ú?"

"Bàbá, ohun tó wu èèyàn yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó."

Sọ̀fíyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èékánná họ ògiri. Iṣẹ́ apòògùn ló fẹ́ kọ́. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, òun ló máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn fún wa, tó sì máa ń pín in sí tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ nínú ọmọrí ike. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń họ ògiri lọ. Eruku ògiri ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Báyìí ni èmi, tí ẹnì kankan kò bi léèrè, ṣe la ẹnu mi. Mo ní, "Làsísì, fi í sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ohun tí à ń pè ní ìdánwò alákòókò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi lẹ́nu.

Aláró ni ìyá mi. Ẹ̀yìn ilé wa yìí ni ìkòkò aró rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Kò ka ìwé rí, kò sì ní aago, síbẹ̀ n kò rí i kí aṣọ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ri aṣọ sínú aró, á máa ka Súbúhánálláà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ètè. Tó bá ti pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, á fà á jáde, á sá a sórí okùn, á sì mú òmíràn. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ẹni pé aró náà kò mú un. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi á tún un rì, àti ìgbà kẹta. Ó máa ń wí pé, "Má bá aṣọ jà nínú ìkòkò. Fà á jáde, jẹ́ kí atẹ́gùn bá ọ ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá dúró ti ẹyọ kan, ìyókù á wà ní funfun."

Ní ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ìwọlé tèmi, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò wọ̀nyẹn ni mo ti ń kàwé nítorí pé ibẹ̀ tutù. Àìsàn tó ń ṣe Sọ̀fíyá, ọwọ́ mi ló ti jogún rẹ̀. Ìṣirò kan lè dá mi dúró láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán. Ìyá mi kò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé n kò tíì ṣí ojú ewé láti ìgbà tí òun ti sá aṣọ márùn-ún. Ó wò mí, ó ní, "Ìwé yẹn ti pẹ́ jù nínú aró."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló là mí lójú. Mo kọ́ láti ri gbogbo ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, kí n mú èyí tó bá gbà wéré, kí n fi èyí tó le sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kí n sì tún padà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó bọ́ tèsùbáà ọrùn rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń kà á, èémí kan, ọmọ tèsùbáà kan. Bí mo bá ti dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo kọjá nìyẹn. Mo yege. Mo lọ sí yunifásítì, mo ka ìmọ̀ ìtàn. Ọdún kejì tí mo wà níbẹ̀ ni ìyá mi kú, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí wálé. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, wọ́n ti dojú ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délẹ̀. Mẹ́ta ti fọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀kan tó kù, mo ti gbé e dúró padà, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Tèsùbáà náà wà lọ́wọ́ mi, okùn rẹ̀ ṣì dúdú láti ọwọ́ rẹ̀, nítorí aró kì í tán ní ìka aláró.

Ohun tí mo gbé kalẹ̀ fún Sọ̀fíyá nìyí. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ tán pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àgbà, ẹ ò ní bínú o. Ìwé ni tiyín. Kọ̀mpútà ni tiwa. Aago wà lójú ẹ̀ níbẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú tó kù."

"Aago tó ń sọ bó ṣe kù fún ọ, ẹ̀rù ló ń dà bo èèyàn. Tèsùbáà kì í dẹ́rù bani."

"Ẹ ò tíì jókòó síwájú ẹ̀ rí ni."

"Màá jókòó síwájú rẹ̀!"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹnì kan ti gbá mi lẹ́nu mú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tí a ń pè ní Tìámíyù. Ó ní ilé kọ̀mpútà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ bí wọn yóò ṣe ṣe ìdánwò náà. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fún wọn ní àdánwò tó jọ ti gidi: ọgọ́ta ìbéèrè, wákàtí kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé kóòtù tí mo fi gboyè jáde nínú àpótí. Ó ń rùn bí inú àpótí, bọ́tìnnì rẹ̀ kan kò sì sí mọ́, ṣùgbọ́n mo ní bí èèyàn yóò bá ṣe ìdánwò, kó múra ìdánwò. Mo wọ̀ ọ́ láti Bẹyẹrunká, nínú oòrùn, títí mo fi dé Bẹẹrẹ.

Bí mo ṣe wọlé, gbogbo àwọn ọmọ náà dìde dúró. "Ẹ káàárọ̀, sà!" Tìámíyù ti abọ́ ìrẹsì tó ń jẹ sábẹ́ tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Gbogbo ìwé àṣẹ wa ló pé, sà. Ti ọdún yìí ló kù díẹ̀."

N kò tíì lóye ohun tó ń sọ tí Sọ̀fíyá fi dá a lóhùn láti ìlà iwájú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀: "Kì í ṣe ará Agodi. Bàbá àgbà mi ni."

Ẹ̀rín bú. Tìámíyù dìde, ó gbọn ara nù. "Ha, Bàbá! Kóòtù yẹn ló ṣe mí báyìí. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Mo wá ṣe ìdánwò."

"Fún ta ni, sà?"

"Fún ara mi."

Ó họ orí, ó wo Sọ̀fíyá, Sọ̀fíyá wo òrùlé. "Ó dáa, Bàbá. Ọ̀fẹ́ ni tiyín. Irú ìbéèrè tí Sọ̀fíyá fẹ́ ṣe náà ni màá ṣí fún yín."

Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tó wé gèlè funfun kékeré. Nígbà náà ni mo rí i pé awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni mo mú wá, tí mo fi ti ìwé kíkà sílé. Àfi kí n fi ẹ̀yìn ti àga, kí n gbé àgbọ̀n sókè, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n fún, kí n tó rí ohun tí wọ́n kọ. Mo ka ìbéèrè kìíní, mo dáhùn rẹ̀, mo tọ́ ìka ìfábẹ̀lá lá, mo sì fi ṣí kọ̀mpútà bí ẹni ṣí ojú ewé. Ọmọbìnrin náà wo itọ́ lójú gíláàsì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwé. Máòsì lẹ máa tẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà là. Mo yọ tèsùbáà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ wọ́n. Ìṣirò kéékèèké, mo mọ méjì. Nígbà tó kan ti oògùn olóró àti ti ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, mo ka tèsùbáà mi pé, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Inú mi dùn dé góńgó. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ òórùn aró. Ó dà bíi pé bí mo bá yíjú, màá rí aṣọ tó ń kán sílẹ̀ lórí okùn.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ mi nawọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí o! Bàbá yìí ti ń pe nǹkan láti ẹ̀ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí mo kà ló ń fò lọ lórí mi."

Ọmọkùnrin kan láti igun dá a lóhùn: "Wọ́n ń fi tèsùbáà fa ìdáhùn wa lọ ni!"

Tìámíyù yọ́ wá bá mi. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ máa kà á sínú."

"Inú ni mo ń kà á sí."

"Inú yín ń pariwo, sà."

Etí mi ni, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́. Mo di ẹnu pọ̀. Ní ìlà iwájú, mo rí ẹ̀yìn ọrùn Sọ̀fíyá tó ń wọlé sínú aṣọ rẹ̀ bíi ti ahun.

Mo rì wọ́n lọ títí mo fi dé ọgọ́ta. Mo ti dáhùn mọ́kànlá, mọ́kàndínláàádọ́ta wà lórí okùn, ó ku rírì kejì. Ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀mpútà náà, bọ́tìnnì pupa kan jókòó. Ẹni tó bá mọ tèsùbáà mọ̀ pé bí a bá kà á yí ká tán, a ó kan ọmọ gígùn kan lókè rẹ̀ tí kò jọ ìyókù. Mo máa ń pè é ní lémọ́mù wọn. A kì í kà á. A kàn fọwọ́ bà á ni, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí pupa yìí, mo ní, lémọ́mù nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀mpútà náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nígbà náà. Ta ni ń bi irú mi bóyá ó dá a lójú? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Àfojúdi yẹn bí mi nínú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni tó fi dún.

Ojú rẹ̀ funfun gbòò. Mo dúró de rírì kejì. Mo dúró títí. Mo nawọ́ sókè bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe. "Tìámíyù, ó ti kan rírì kejì. Àwọn ìbéèrè dà?"

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàbá, ẹ ti parí."

"N kò tíì bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ ti parí, sà. Bọ́tìnnì ìparí lẹ tẹ̀. Ìdajì wákàtí ṣì kù fún yín."

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé tẹlifíṣàn ńlá ara ògiri rẹ̀ ló máa ń gbé èsì jáde fún gbogbo ayé bí ẹnì kan bá ti tẹ pupa. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí awò ọ̀nà jíjìn mi fi rí i kedere: mọ́kànlá nínú ọgọ́ta. Ọmọkùnrin igun yẹn ló kọ́kọ́ kà á sókè. "Mọ́kànlá!" Ìyókù gbè é.

Mo dìde kí n máa lọ. Ìtìjú kì í jẹ́ kí èèyàn dìde jẹ́jẹ́. Tèsùbáà kọ́ ọwọ́ àga, èmi ń lọ, òun kò tẹ̀ lé mi. Okùn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún já, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tú sórí ilẹ̀ dídán yẹn, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ gbogbo tábìlì, gbìrìgbìrìgbìrì.

Mo kígbe. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ti ìyá mi ni!" Mo ti wà lórí orúnkún mi. Ọmọbìnrin onígèlè fò dìde kí ó má baà tẹ ọ̀kan, ó sì tẹ òmíràn, ó yọ̀, ó nawọ́ mú ohun tó kọ́kọ́ kàn án, wáyà iná ni. Wáyà já kúrò lára ògiri. Gbogbo ìlà iwájú kú lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀mpútà Sọ̀fíyá wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti àárọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Tìámíyù gbé ọwọ́ lórí. "Mo kú o."

N kò ní parọ́ fún yín, mo rò pé wọn yóò lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin igun yẹn, alárìíwísí yẹn, òun ló kọ́kọ́ wọ abẹ́ tábìlì. Ìyókù tẹ̀ lé e. Wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tèsùbáà náà sínú fìlà mi, wọ́n ń kà á: "Bàbá, ogójì nìyí. Ẹ gbà, méjì tún rèé." Ọ̀kan ṣoṣo ni wọn kò rí. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo gbé kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń gòkè Màpó bọ̀ wálé, Sọ̀fíyá ṣáájú mi ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Bí mo bá yára, á yára. Fóònù àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ ẹni délé. Kí a tó dé ìkòríta wa, ẹnì kan ti ń ké láti ojú fèrèsé: "Ẹ kú ìdánwò o, Bàbá Mọ́kànlá!" Ní ìrọ̀lẹ́, Làsísì pè.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ṣe ìdánwò."

"Mo ṣe é."

"Wọ́n ní ẹ gba..."

"Mọ́kànlá ni. Rẹ́rìn-ín tó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín."

Ó ti ń gbé ẹ̀rín náà mì tipẹ́, ni ikọ́ bá mú un. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù fún ọmọ yẹn, Bàbá." Èyí ló dùn mí jù.

Ọjọ́ méjì ni Sọ̀fíyá fi kí mi láìwò mí lójú. Mo ra okùn funfun, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń sín tèsùbáà padà. Okùn dúdú àtijọ́ náà, mo ká a, mo fi í sínú àpò kóòtù. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá jókòó lórí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò adìẹ.

"Bàbá àgbà, ìbéèrè mélòó lẹ dáhùn?"

"Ìwọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Rárá o. Mo bẹ Tìámíyù kó fi hàn mí. Mọ́kànlá lẹ dáhùn, mọ́kànlá náà lẹ gbà. Ẹyọ kan ò bọ́. Ìdajì wákàtí sì ṣì kù nílẹ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi, kí iná tó lọ, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo lò lórí ìbéèrè keje. N ò sì rí i gbà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ba tèmi jẹ́."

Mo sín ọmọ tèsùbáà kan sí i.

"Bí kì í bá ṣe ti bọ́tìnnì pupa yẹn," ló wí.

"Bí kì í bá ṣe ti bọ́tìnnì pupa yẹn," ni èmi náà wí. A bú sẹ́rìn-ín, adìẹ fò jáde nínú ìkòkò.

"Ẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí n mú tèsùbáà wọlé. Wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn mú aago ọwọ́ wọlé."

Ìyẹn dá mi dúró. Mo ń wo ìkòkò, mo ń wo tèsùbáà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ ìyá mi, bí mo ṣe ń rí ọwọ́ tèmi yìí: ó dúdú dé ọrùn ọwọ́, omi ń kán níbẹ̀. Ìgbà wo ni mo rí i tó mú tèsùbáà nídìí aró? N kò rí i rí. Ta ni í fi ọwọ́ aró mú tèsùbáà? Ìgbà ìrun ló ń lò ó. Nídìí ìkòkò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ti aṣọ, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló sì ń rìn lórí oríkèé ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta mẹ́ta. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, okùn ni mo tọ́jú. Mo ti gbàgbé ọwọ́.

Mo ní, "Mú ọwọ́ òsì rẹ wá. Fi ọ̀tún sílẹ̀ fún máòsì." Oríkèé méjìlá, lẹ́ẹ̀mejì, ìka mẹ́ta lé e: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ọjọ́ tó kù la fi jókòó síbẹ̀. Ó ń rì wọ́n nígbà mẹ́ta. Rírì kìíní, èyí tó bá mọ̀ wéré. Rírì kejì, èyí tó gba ìṣirò. Rírì kẹta, kó yọ ìdáhùn tí kò lè jẹ́ òótọ́ kúrò, kó mú nínú ìyókù, nítorí kò gbọdọ̀ fi aṣọ kankan sílẹ̀ ní funfun. Bí mo bá rí i tó di ojú mọ́ ìbéèrè kan, n kò ní wò ó, màá kàn sọ fún adìẹ pé, "Ó ti pẹ́ jù nínú aró." Ní ìbẹ̀rẹ̀, á kùn. Nígbà tó yá, á ti kọjá kí n tó sọ ọ́ tán. Mo sì fi ẹ̀kọ́ tèmi kún ti ìyá mi: pupa kì í ṣe lémọ́mù.

Ní ọjọ́ ìdánwò gidi, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. N kò wọ kóòtù. Mo dúró síta pẹ̀lú àwọn òbí yòókù, mo ń ka méjìdínlọ́gọ́rùn-ún mi. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàbá àgbà, gbogbo ẹ̀ ni mo fojú kàn. Kò sí funfun kankan."

Máàkì rẹ̀ tó, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ ìránṣọ Oníyanrìn kò ṣòfò, òun ni àǹtí rẹ̀ fi rán aṣọ tó wọ̀ lọ sí yunifásítì. Ibi tó lọ jìn. Ilé dákẹ́. Ní ìyálẹ̀ta, mo ṣì máa ń gbé àga lọ sẹ́yìn ilé, mo ń sọ fún adìẹ pé ó ti pẹ́ jù nínú aró, adìẹ kò sì dá mi lóhùn. Mo rò pé ìyá mi jókòó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí mo lọ. N kò bi í rí.

Lóṣù tó kọjá, Sọ̀fíyá pè mí. Mo sọ fún un pé mo tún lọ wo abẹ́ tábìlì Tìámíyù, n kò rí ọmọ tèsùbáà kan yẹn.

"Bàbá àgbà, ẹ má wá a mọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi. Inú bàtà mi ló kó sí lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tá a ń gòkè Màpó ni mo mọ̀. Inú ń bí mi, mo ní n ò ní fún yín."

"Nígbà tí inú rẹ wá rọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣé kí n mú un bọ̀?"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ohun tó bá le, fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ láìpadà. Arúgbó tó bá fẹ́ fi ohun àtijọ́ ṣe yàngàn, kó kọ́kọ́ rántí bó ṣe rí gan-an. Bí nǹkan bá sì bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá ọ lójú, kò dá ọ lójú. Tìámíyù ti kọ ìkẹyìn yìí gàdàgbà sára ògiri rẹ̀, ó fi orúkọ mi sí i, Mọ́kànlá náà ni o, ó sì máa ń pè mí ní Sátidé kí n wá fi ara hàn àwọn ọmọ tuntun. Mo máa ń lọ. Mo tilẹ̀ máa ń wọ kóòtù.

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì, mo máa ń ka tèsùbáà mi lójúde. Tí mo bá dé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, okùn ṣófo. Màá fi àtàǹpàkò kan oríkèé ìka mi fún ìkẹyìn, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aró. Ibẹ̀ náà ni ẹnì kan máa ń kọjá, á ké pé, "Bàbá Mọ́kànlá, ó kù mélòó?"

Màá ní, "Ó ku ẹyọ kan. Ó wà ní yunifásítì." Èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.